Èémí Tí Mo Tọ́jú Sábẹ́ Fóòmù

Ẹ̀yin ní èémí, ẹ tún ní ẹ̀mí. Ẹ pín in sí méjì, ọkàn yín sì balẹ̀. Lédè tiwa ní Bè níbí, nínú Lomé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún méjèèjì. Atẹ́gùn tó ń ti imú mi jáde yìí, òun náà ni ohun tí yóò fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ẹni tó bá mú ọ̀kan ti mú èkejì. Ìyá mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Irun tó bá já sínú ìyarun, ó máa sun ún. Èékánná, ó máa rì í mọ́lẹ̀. Pátá, inú yàrá la máa ń sá a sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà mú òógùn ara wa lọ síbi tí kò yẹ. Nígbà tí ìjọba wá ní dandan ni kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú bo ẹnu, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Tí a bá ń fi aṣọ tó gba òógùn pamọ́, kí ni ká ti ṣe aṣọ tó ń gba èémí látàárọ̀ dalẹ́?

Kò sẹ́ni tó bá mi dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tí mo lè bi.

Dossi lorúkọ mi. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì la ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń ní a lágídí. Wọn ò parọ́. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè tà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ọṣẹ mi sì mọ́ ju ojú ẹlòmíràn lọ. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi ni Selom. Òun àti Akofa ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Agoè, ní ìkángun ìlú lọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, ikùn Akofa sì ti yọ dáadáa nígbà tí àrùn yẹn dé tí wọ́n fi sé ọ̀nà Lomé pa. Ìyá Akofa wà ní Kpalimé, kò lè wọlé sọ́dọ̀ wa. Selom wá sẹ́nu géètì, ó dúró lókèèrè bí àlejò, ó gbé ìbomú aláṣọ méjì sórí ọmọrí ìkòkò omi.

Ó ní, "Dada, ẹ̀yin lẹ máa wẹ ọmọ náà. Kò sí àgbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nǹkankan ṣe yín."

Dada ni à ń pe ìyá ẹni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Látọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo bá lajú, ohun tí mo jí fún nìyẹn.

Kò sí nǹkan mìíràn láti jí fún. Agbo ilé wa tó máa ń hó yèè tẹ́lẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ayálégbé ti sá lọ sí abúlé wọn kí wọ́n tó sé ọ̀nà. Èmi àti Ayoko ló ṣẹ́kù. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, èmi àti òun kì í sì í kí ara wa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, Davi Ayoko ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni obìnrin, nítorí ó jù mí lọ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan òjò ṣú, èmi àti ọkọ mi ò sí nílé. Ayoko kó aṣọ wa kúrò lórí okùn, ó ká wọn, ó tọ́jú wọn sínú yàrá rẹ̀ mọ́jú. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi wà nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi, kò sì pẹ́ tó fi kú. Mo dúró láàárín agbo ilé, mo bi Ayoko lójú gbogbo èèyàn: "Ta ló ní kí o kó aṣọ mi?" Kò dáhùn. Ó wò mí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá dáhùn. Látìgbà náà mi ò pè é ní Davi mọ́. Mi ò pè é ní nǹkankan.

Òun náà kì í bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ní adìẹ kan. Ohun tó bá fẹ́ kí n gbọ́, adìẹ ló máa sọ ọ́ fún. Á ní, "Adìẹ, ṣé ìwọ náà rí i pé ẹnìkan gbé ìkòkò kaná tó sì gbàgbé ẹ̀? Ilé á jóná mọ́ wa lórí." Màá dìde lọ sọ ìkòkò mi kalẹ̀, màá sì dá adìẹ lóhùn pé kó máa jẹ àgbàdo ẹ̀, kó yé dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Adìẹ yẹn mọ àṣírí wa ju pásítọ̀ lọ.

Okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé, iwájú ilẹ̀kùn Ayoko ló sì wà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni oòrùn ń dé. Ṣé ẹ rò pé màá gbé èémí mi lọ kọ́ síwájú obìnrin yẹn? Láéláé. Tí alẹ́ bá lẹ́, màá fi ọṣẹ ara mi fọ ìbomú, màá fún un, màá ká a, màá dì í sínú ọ̀rá, màá sì tì í bọ abẹ́ fóòmù, lápá ibi tí ọkọ mi máa ń sùn sí. Màá sùn lé e lórí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ṣì tutù. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń tutù lójú mi láàárọ̀. Mo rò pé ìmọ́tótó ló ń tutù bẹ́ẹ̀.

Mo ń lò ó nídìí iná ọṣẹ. Mo ń lò ó tí mo bá ń gbálẹ̀. Àfi tí mo bá fẹ́ jẹ akoumé mi, ọkà àgbàdo wa, ni mo tó ń fà á wá sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ta ni mò ń bomú fún nígbà tí kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ mi? Ọmọ ni. Ọmọ tí a ò tíì bí. Mo ní àrùn kankan ò ní í rí ọ̀nà gba ara mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú ìbomú náà. Màá ní, "Dossi, kí la máa jẹ lónìí?" Ohùn mi á padà wá bá mi lójú, á gbóná díẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ ni ohun tí mò ń wí máa yé.

Ó kọ́kọ́ ṣe bí eré. Rorẹ́ kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi, ó ń yún mi. Mo họ ọ́. Ó di púpọ̀, ó yí ẹnu mi ká, ó mú àgbọ̀n. Àwọn kan bẹ́, ọyún ń jáde, ó ń gbẹ, ó ń le, tí mo bá sì ti wọ ìbomú padà, á tún rọ̀, á tún ṣí. Mo fọ ìbomú sí i. Mo dì í mọ́ inú ọ̀rá sí i. Mo ta lọ́fíńdà sí i, òórùn ẹ̀ wá ń ta sánsán bí ti ìyàwó tuntun, ojú mi ò sì yé bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀.

Obìnrin kan tó ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí Selom ti ń rá kòrò wá lọ́jọ́ kan. Ìbomú mi yẹ̀ díẹ̀, ó rí àgbọ̀n mi. Ó rọra dá ọṣẹ tó ti mú dání padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Títí dòní mo ṣì ń retí ẹ̀. Mi ò bá a jà. Ta ló máa ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ rí báyẹn?

Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mo di ẹ̀bi rù. Mo ní Ayoko ti rí èémí mi mú. Bóyá ó ń gbá a jọ láti ẹnu fèrèsé, mi ò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ ojú mi ò tán lẹ́nu ẹ̀. Á dúró síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀, á máa da àgbàdo sílẹ̀, á ní, "Adìẹ, èèyàn kan ń jẹrà lójú, kò fẹ́ dé ilé ìwòsàn. Ṣé ó dìgbà tí imú bá re?" Mo ní ẹni tó gún èèyàn lọ́bẹ ló tún ń júwe ilé oníṣègùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù mi dún. Selom ni. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dada, obìnrin ni. Ara ìyá le, ara ọmọ le. Wọ́n ti dá wa sílẹ̀, a ti wà nílé."

Mo jó. Mo bọ́ sí àárín agbo ilé, mo jó yí ìkòkò ọṣẹ ká, èmi nìkan. Nígbà tí mo dúró, ayọ̀ náà ṣì kún ẹnu mi, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Mo wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, mo wo òmíràn tí wọ́n tì pa, mo wo ti Ayoko tó ṣí sílẹ̀. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo wọlé lọ sọ ọ́ fún síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi tó wà lórí ìṣó, ìyẹn ni mo rí sọ ọ́ fún.

Mo ti tọ́jú ọṣẹ kan sọ́tọ̀ fún ìwẹ̀ náà. Àdín ni mo fi sè é, mo ti wé e sínú ewé láti ìgbà tí ikùn Akofa ti yọ, kànìnkànìn tuntun àti òrí wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Mo wọ aṣọ tó dáa. Lẹ́yìn náà mo wo dígí. Mo mọ̀ pé tí Akofa bá rí ojú yìí, ẹ̀rù á bà á. Mo fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ sáré dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí ọ̀sà, kí wọ́n fún mi ní ìpara tó máa tètè gbẹ ẹ́, kí n tó wá gbé ẹrù mi.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, ó ṣeé bí. Ó ní kí n bọ́ ìbomú. Ó wo ojú mi títí. Ó fi nǹkan bí ẹ̀mú kékeré gbé ìbomú náà sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí ibi tí mò ń sá a sí.

Mo ní inú ilé.

Ó ní ibo nínú ilé?

Mo ní ibi tó dáa.

Ó tún bi mí. Ojú tì mí. Mo ní abẹ́ fóòmù, nínú ọ̀rá.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dada, ṣé ẹ ń sin adìẹ ni?"

Mo ní èmi kọ́, aládùúgbò mi ló ń sin adìẹ.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń sin nǹkan. Kòkòrò lẹ ń sìn."

Ó fa àga jókòó, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀. Ó ní kòkòrò àìfojúrí wà nínú imú àti ẹnu gbogbo èèyàn, ti ọba, ti ìwẹ̀fà. Níbi tí wọ́n wà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Àmọ́ tí mo bá mí lé aṣọ látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á kó sínú ẹ̀. Ó ní ọṣẹ mi dáa, kò sí ẹ̀bi ọṣẹ, ó máa lé púpọ̀ nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá kù, mo fún wọn lómi, mo fún wọn lókùnkùn, mo tún sùn lé wọn lórí kí ara wọn lè móoru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti bí àrọ́mọdọ́mọ. Èmi á wá gbé gbogbo wọn lé ojú tí mo ti họ.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó mú un?"

"Mú kí ni?"

"Èémí mi."

Ọmọ Bè lòun náà. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó rọra ní, "Kò sẹ́ni tó mú èémí yín, Dada. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tì í mọ́lé tó fi rà."

Ó fún mi ní oògùn, ó fún mi ní ìpara, ó fún mi ní ìbomú onípépà kan tí mo máa kọ́kọ́ lò. Ó ní kí n se àwọn aláṣọ nínú omi gbígbóná, kí n sá wọn síta gbangba, kí oòrùn ta sí wọn dáadáa. Mo dúpẹ́. Inú mi dùn, mo ní kí ó bá mi yọ̀, mo ní mò ń lọ wẹ ọmọ ọmọ mi lónìí. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ náà," ló wí. "Títí gbogbo egbò yìí á fi gbẹ, tí èépá ẹ̀ á fi re. Ìdodo ìkókó, ojú egbò ni. Ohun tó wà lójú yín yìí lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin, á kàn máa yún yín ni. Òun, ó lè gbé e lọ."

Mo bú u. Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo ní ọmọ àná bíi tiẹ̀, tí àgbà bíi tèmi wẹ̀ tó fi di èèyàn, ló ń sọ fún mi pé kí n má wẹ ọmọ. Mo ní ìwé tó kà ti gun orí ẹ̀. Kò bú mi padà, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo jáde, mo gun ọ̀kadà, mi ò tilẹ̀ rántí apẹ̀rẹ̀ mi nílé. Mo ní, "Agoè. Sáré."

Ọ̀nà dá páropáro lọ́jọ́ náà. Mò ń rò ó bí mo ṣe máa gbé ọmọ náà lé itan, bí mo ṣe máa fọwọ́ gba ọrùn ẹ̀ mú. Ojú ń yún mi. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbomú, mo họ ọ́, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo họ ọ́. Nígbà tí mo mú ọwọ́ jáde, omi egbò wà lórí ìka mi méjì. Àwọn ìka tí mo fẹ́ fi gba ọrùn ọmọ mú nìyẹn. Mo wò wọ́n títí tí a fi fẹ́ dé oríta Agoè.

Mo ní kí ọlọ́kadà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní a ò tíì dé. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó gbé mi padà sílé.

Mo pe Selom, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, abẹ́ fóòmù àti ohun gbogbo. Mo ń gbọ́ tí ọmọ ń ké, mo ń gbọ́ tí Akofa náà ń ké. Kò wẹ ọmọ rí, ẹ̀rù ọrùn ọmọ ń bà á. Kò sì sí aládùúgbò tó fẹ́ wọ ilé ẹlòmíràn lásìkò yẹn. Selom ní, "Dada, ta ló wá máa wẹ̀ ẹ́ fún wa?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilẹ̀kùn mi. Gbogbo ohun tí mo ti ń dá dúró dè látìgbà yìí ti dé, èmi ni mi ò lè lọ bá a. Mo sunkún, ìbomú pépà náà rin gbingbin.

Ayoko wà níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ gboma sínú àwo. Aṣọ tó fọ̀ wà lórí okùn lókè orí ẹ̀. "Adìẹ," ló wí, "mo gbọ́ tí ẹnìkan ń jó láàárọ̀. Ọmọ ti dé nìyẹn. Mo fẹ́ kí i kú oríire, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún ní mo fi ìkíni mú nǹkankan."

Mo dìde. Mo rìn dé ibi tí mi ò rìn dé látìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo dúró lókèèrè díẹ̀ sí i.

"Davi Ayoko."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀fọ́. Mo sọ fún un ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Mo sọ ohun tí Selom bi mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wẹ ọmọ náà."

"Èmi?" ló wí. "Èmi tí mò ń fi aṣọ pa ọkọ ọlọ́kọ?"

Ó ṣa ewé kan sínú àwo.

"Ṣé ó ti wá dá ọ lójú pé mi ò ṣe é?"

Mo lè parọ́. Irọ́ ni ì bá yá jù lọ. Mo ní, "Kò dá mi lójú, Davi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbà á gbọ́. Àmọ́ ọmọ náà ò lẹ́lòmíràn, èmi náà ò lẹ́lòmíràn."

Ó wò mí bí ó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo bi í nípa aṣọ wa. Mo rò pé ó máa wọlé, kó tilẹ̀kùn. Ó gbé àwo ẹ̀fọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọṣẹ wo lo fẹ́ kí n fi wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní kó wọ yàrá mi, kó fúnra ẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó wọlé. Mo rí i láti ìta tó dúró níwájú síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ìṣó. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jáde, ó wọ ìbomú tiẹ̀ tó ti gbẹ lórí okùn, ó gun ọ̀kadà lọ sí Agoè.

Mo se ìbomú mi méjèèjì títí omi fi hó. Mo gbé wọn dé ìdí okùn, mo kọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ Ayoko. Mo lọ gbé àpótí mi, mo jókòó láti máa ṣọ́ wọn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó bi ara mi pé ta ni mi ò fẹ́ kó mú wọn. Ẹni tí mo ti ń fi wọ́n pamọ́ fún látìgbà yìí ni ọmọ ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Selom pè. Ó ní òun máa gbé fóònù sílẹ̀ nítòsí kí n lè máa gbọ́. Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú àwo. Mo gbọ́ ohùn Ayoko tó ń sọ fún Akofa pé kó wò ó dáadáa, ọ̀la òun náà máa ṣe é. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà, ó le, ó lágídí. Mo ń pariwo, "Ẹ gba ọrùn ẹ̀ mú, ẹ gba ọrùn ẹ̀ mú o," kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Igbe náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí Akofa rẹ́rìn-ín. Fóònù já. Agbo ilé tún dákẹ́, adìẹ nìkan ló ń tú ilẹ̀.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí òjò dé láti ọ̀nà òkun. Kò ṣú pẹ́ rárá, ẹ̀kán kìíní ti kàn mí lórí kí n tó gbọ́ ìró ẹ̀. Mo sáré fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo kó aṣọ Ayoko kúrò lórí okùn: ìró méjì, bùbá kan, aṣọ ìnura kan tó ti gbó. Mo kó wọn wọ yàrá mi. Mo nu àkéte, mo tẹ́ aṣọ mímọ́ lé e, mo ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e lórí. Ìgbà tí mo ká bùbá tán ni mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Báyìí ló ṣe jókòó lọ́jọ́sí pẹ̀lú aṣọ wa, ó ń retí kí á dé. Mo jókòó ti àwọn aṣọ náà, ó dùn mí dé inú egungun.

Kónílé-ó-gbélé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí Ayoko tó dé. Òjò ti pa á. Ó wo okùn. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó rí aṣọ ẹ̀ lórí àkéte.

"Ta ló ní kí o kó aṣọ mi?"

Ohùn tí mo fi bi í gan-an ló fi bi mí. Èmi náà ò dáhùn. Mo mọ̀ báyìí ìdí tí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kì í fi í rí nǹkan sọ.

Ó fi ẹ̀yìn ti òpó ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọmọ náà sín nígbà tí omi kan orí ẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá àwo omi, ó ní ọmọ Dossi ni, kò sí àníàní. Ó na ọwọ́ ẹ̀ sí mi láti ibi tó dúró sí. Mo fa ìbomú pépà náà sísàlẹ̀. Òjò ti fọ ọwọ́ náà, síbẹ̀ mo gbóòórùn ọṣẹ mi, mo sì gbóòórùn nǹkan mìíràn lábẹ́ ẹ̀ tí kì í ṣe ọṣẹ. Mo mí i sínú títí ó fi rẹ̀ mí.

Lẹ́yìn náà ló yíjú padà sí agbo ilé. "Ìbomú tìẹ ńkọ́?" ló wí.

A jọ wò ó. Àwọn méjèèjì wà lórí okùn níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀, nínú òjò, omi ń ro lára wọn. Aṣọ tiẹ̀ ni mo kó. Mo gbàgbé tèmi.

Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan láti lọ bá mi ká wọn.

"Ẹ fi wọ́n síbẹ̀, Davi," mo wí. "Oòrùn á ràn lọ́la."